Lọ́rì Ògúnbọ̀dé Lórí Tábìlì

N kì í ṣàṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má pè é ní ìgbéraga. Ẹ bi àwọn onímọ́tò Ifọ̀ léèrè. Àtíìsì ni mí, àwa tí a máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Láti ọdún 1984 tí mo ti kúrò ní Ìkirè wá gba yàrá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, lẹ́tà mi kò wọ́ rí, bí mo bá sì ya ẹyẹ sára lọ́rì, ẹ kò ní máa béèrè bóyá ewúrẹ́ ni. Nítorí náà, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo ṣì ṣe, mo rántí rẹ̀ dáadáa, mo sì lè sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́.

Bàbá Olúgbádé ń gbé ní òdìkejì títì sí mi. Ọmọ Òṣogbo ni, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni kó ṣọ́ géètì níbi tí ojú irin ti gba àárín títì kọjá. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, á ti géètì, mọ́tò á dúró. Bó bá kọjá tán, á ṣí i. Ó ṣe é títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ. Nínú pálọ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn ẹlòmíràn máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n sí, tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀, rélùwéè kékeré kan sì wà lórí tábìlì náà.

Òyìnbó ẹnjiníà kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fún un. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ká bí aago, ojú irin tó so kọ́ra yíká tábìlì, àti mọ́tò mẹ́ta: káà kan, bọ́ọ̀sì kan, lọ́rì kan tó gùn tó ọwọ́ mi láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Ohun tó kù, bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ó gba lẹ́búlẹ́bú igi ní sọ́míìlì, ó pa á láró sí àwọ̀ ewé, ó fi ṣe koríko. Ó fi páálí ṣe ibùdókọ̀ rélùwéè. Ó ṣe ahéré géètì, ó gbin igi máńgòrò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ya títì tó ṣẹ́rí sápá òsì díẹ̀ kó tó dé ojú irin. Ifọ̀ ni. Kì í ṣe Ifọ̀ ti òní o. Ó ní Ifọ̀ ọdún 1967 ni.

Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1988, ó pè mí.

"Mùsáfírù, wo àwọn mọ́tò wọ̀nyí. Ṣé mọ́tò Ifọ̀ nìyí?"

Mo wò wọ́n. Wọ́n mọ́ jù. Kò sí ibi tó dẹ́ńtì, kò sí ibi tí ọ̀dà ti ṣí, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lórí wọn. Mo ní, "Bàbá, wọ́n dà bí ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí."

"O rí i. Mo fẹ́ kí o sọ lọ́rì yìí di bọ́lẹ́kájà. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, pákó. Àwọ̀ búlúù lórí, yẹ́lò nísàlẹ̀. Kí o kọ *SÙÚRÙ* síwájú orí rẹ̀."

Kò sí ẹni tó pẹ́ ní Ifọ̀ tí kò mọ Sùúrù. Lọ́rì Ògúnbọ̀dé ni, ìrẹsì Ọ̀fàdà ló máa ń kó wá sí ọjà Ifọ̀. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1967, tírélà kan ti fọ́ géètì ní ijẹ́ta rẹ̀, wọn kò sì tíì tún un ṣe. Àsíá pupa ni Bàbá Olúgbádé fi ń dá ọkọ̀ dúró. Sùúrù dé, kò dúró, ọkọ̀ ojú irin sì gbá a. Ògúnbọ̀dé kú pẹ̀lú àwọn méjì tó jókòó tì í níwájú. Àwọn tó ṣe ìwádìí ní dẹ́rẹ́bà rí àsíá, ó kọ etí ikún sí i. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti ìgbà náà, bí dẹ́rẹ́bà kan bá ń sáré ní Ifọ̀, wọ́n á pariwo mọ́ ọn pé, "Ìwọ Sùúrù tí kò ní sùúrù!" Àwọn ọmọdé tí wọn ò tíì bí nígbà náà pàápàá ń sọ ọ́.

Ìyàwó Ògúnbọ̀dé ṣì wà. Sẹ̀gilọlá lorúkọ rẹ̀, Ìyá Folúkẹ́ là ń pè é. Ìrẹsì lòun náà ń tà. Láràárọ̀ ló máa ń gba iwájú ilé Bàbá Olúgbádé kọjá lọ sọ́jà, bàsíà lórí, ojú níwájú. Bàbá á ti jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin náà kì í bú u, kì í pòṣé, kì í tutọ́. Kì í kí i ni. Ó tó ọmọ tí bàbá lè bí, ọdún mọ́kànlélógún sì rèé, kò tíì sọ pé ẹ káàárọ̀ fún un rí.

Bàbá gbé lọ́rì náà lé mi lọ́wọ́. "Ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ nílé ní Disẹ́ńbà. Òṣogbo náà ni màá kú sí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kúrò ní Ifọ̀ kí obìnrin yẹn má tíì kí mi. Ó rò pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọkọ òun. Mo fẹ́ kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Lu ihò kan sẹ́yìn ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí, kéèyàn lè fi ojú síbẹ̀, kó rí ohun tí Ògúnbọ̀dé rí. Tó bá rí mi pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́, á mọ̀ pé ọkọ òun rí mi."

Mo gbà. Kí n má purọ́, kì í ṣe nítorí àánú. Iṣẹ́ náà wù mí.

Mo gé ẹ̀yìn lọ́rì náà kúrò. Mo fá pákó títí ó fi fẹ́lẹ́ bíi páálí, mo tò ó ní ẹyọ ẹyọ, mo fi orí abẹ́rẹ́ fa ojú ìṣó sí i lára. Mo fi pákó bo ìlẹ̀kùn náà títí dé àyà, bí wọ́n ti máa ń ṣe é nígbà náà. Mo kun búlúù àti yẹ́lò, mo wá fi sáńdípépà ha á níbi tí ọwọ́ ọmọ ọkọ̀ máa ń dì mú. Ọ̀dà pupa àti dúdú tí mo pò pọ̀ ni mo fi ṣe ìpẹtà lábẹ́ ẹ̀. Mo gé àǹkáṣíìfù àtijọ́, mo rán an ní àpò kéékèèké, mo sì rọ èérún ìrẹsì Ọ̀fàdà gidi sínú wọn, kí wọ́n lè wú bí àpò tòótọ́. Ẹ̀gún àràbà ni mo fi gbẹ́ èèyàn méjì tí yóò jókòó níwájú. Búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta ni mo fi kọ *SÙÚRÙ*, mo sì sé èémí títí mo fi parí rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ lu ihò ni mo rí ohun tí àwọn òyìnbó ṣe. Wọ́n gbé sítíárìn sọ́wọ́ ọ̀tún.

Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo lọ́rì tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí láti ọjọ́ tí mo ti mọ búrọ́ọ̀ṣì dì mú, òsì ni dẹ́rẹ́bà wọn ń jókòó sí. Odidi òyìnbó, wọn ò mọ ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí! Mo fi abẹfẹ́lẹ́ gé e, mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ibòmíràn fún un lápá òsì, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Mo kó àwọn èrò méjì sápá ọ̀tún. Mo lu ihò sí òsì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe èyí nìkan, inú mi sì dùn sí i ju gbogbo ìyókù lọ.

Nígbà tí mo fi han bàbá, ó gbé e súnmọ́ ojú. "O ṣeun. Mi ò tiẹ̀ ṣàkíyèsí pé wọ́n ṣì í gbé."

Ó gbé lọ́rì náà sápá ọ̀tún títì, níbi tó ti ṣẹ́rí. Ó mú ère kékeré kan tó fi amọ̀ mọ, òun fúnra rẹ̀ ni, pẹ̀lú kakí àti àsíá pupa lọ́wọ́. Ó gbé e sábẹ́ máńgòrò lápá òsì títì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú sí ihò náà, ó pariwo.

"Ó rí mi! Mùsáfírù, wá wò ó! Ó rí mi kedere, ó sì kọjá!"

Èmi náà wò ó. Láti ojú fèrèsé òsì, àsíá náà pupa bí ata. Kò sí dẹ́rẹ́bà tó lè sọ pé òun ò rí i.

Mo ń kun pátákó ìsọ̀ Ìyá Folúkẹ́ lọ́sẹ̀ náà, nítorí náà, èmi ni bàbá rán. Mo ní, "Mà, Bàbá Olúgbádé ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wá wo nǹkan kan."

Ó ń fẹ́ ìrẹsì, ó ń ṣa òkúta.

Mo ní, "Lọ́rì Sùúrù ni, mà. Kékeré. Èmi ni mo ṣe é."

Ó gbé ojú sókè. "Ṣé o kọ orúkọ sí i?"

"Mo kọ ọ́, mà."

"Ta ló sọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún ẹ?"

"Bàbá ni."

Ó tún ṣa òkúta díẹ̀. "Màá wá ní Sátidé sànìtéṣọ̀n. Kò sí ọjà títí di aago mẹ́wàá."

Ó wá lóòótọ́, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti gbálẹ̀ ojú ilé tán. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú ilé o." Ilé ló kí, kò wo onílé. Bàbá ti wọ kakí rẹ̀ àtijọ́, ó ti lọ̀ ọ́. Ó na ọwọ́ sí tábìlì.

"Ìyá Folúkẹ́, mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ fi ojú síbí. Ẹ wo ohun tí ọkọ yín rí."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ojú sí ihò. Lọ́rì náà ló ń wò. Ó fi ìka kan àpò ìrẹsì. Ó fi ìka tọ lẹ́tà náà, láti S dé Ù. Mo rò pé yóò sunkún, mo sì jẹ́wọ́ pé inú mi ń dùn, nítorí iṣẹ́ mi ló fẹ́ pa á lẹ́kún. Ó wá yẹ inú iwájú lọ́rì wò.

"Ta ló gbé sítíárìn síbí?"

"Èmi ni, mà," mo fi ìdùnnú sọ. "Ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn òyìnbó gbé e sí, mo wá tún un ṣe."

"O tún un ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mà."

Ó nàró. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó kọjú sí Bàbá Olúgbádé. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ọmọdé ni ẹ̀yin náà? Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ mi ń jókòó sí. Èmi á jókòó lápá òsì, Folúkẹ́ á wà lórí itan mi, pákó ìlẹ̀kùn yẹn á máa gún mi ní ìgbọ̀nwọ́ òsì láti Ọ̀fàdà títí dé ibí. Bí kì í bá ṣe pé ibà dá ọmọ náà dúró lọ́jọ́ yẹn, èmi náà ì bá ti bá a lọ. Ṣé 1972 kọ́ ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò máa gba ọ̀tún? Ṣebí òsì ni gbogbo wa ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ ò rántí ni, bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti títì náà?"

Mo gbọ́ nípa rẹ̀ rí, nígbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkirè, wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò ní mọ́tò, n kò sì rí ọkọ̀ wò dáadáa títí mo fi kọ́ṣẹ́. Ojú tì mí. Kì í ṣe ìtìjú kékeré. Ohun tí òyìnbó ṣe bó ṣe yẹ, èmi ni mo bà á jẹ́, mo sì gba ìyìn lé e lórí.

Bàbá Olúgbádé tẹ̀ síwájú. Ó ń wo títì orí tábìlì náà. Ó ní, "Mùsáfírù. Gbé e padà."

"Báyìí, bàbá?"

"Báyìí."

Mo lọ kó irinṣẹ́ mi. Ó gbà mí ju wákàtí kan lọ. Ìyá Folúkẹ́ jókòó sórí àpótí, kò gba àga. Mo ṣí gọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú ẹnu abẹ, mo dá sítíárìn padà sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo kó ọmọ ọkọ̀ àti èrò kejì sápá òsì. Mo fi àbẹ́là dí ihò àkọ́kọ́, mo lu òmíràn. Abẹ yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ha ọ̀dà kúrò níbi kan. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá gba lọ́rì náà, ó gbé e sápá òsì títì, sí ibi kan náà tó ti ṣẹ́rí.

Ìyá Folúkẹ́ fi ojú sí ihò.

"Kí lẹ rí?" bàbá béèrè.

"Mo rí orí ọmọ ọkọ̀. Mo rí èjìká ẹnì kejì. Mo rí pákó ìlẹ̀kùn." Ó gbé ojú kúrò níbẹ̀. "Ẹ̀yin dà?"

Bàbá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó wò. Ó wò ó pẹ́ gan-an. Ó wá na ọwọ́, láìgbé ojú kúrò, ó mú ère ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ máńgòrò, ó gbé e la títì kọjá sápá ọ̀tún, níbi tí kò sí igi. Ó tún wò. Mo mọ ohun tó rí, nítorí mo wò ó lẹ́yìn rẹ̀: àsíá pupa, gbàgede, níwájú dẹ́rẹ́bà gan-an.

"Ibí ló yẹ kí n dúró sí," ni ó wí. "Ó wà nínú ìwé òfin iṣẹ́ wa. Bí géètì bá bàjẹ́, apá ibi tí dẹ́rẹ́bà jókòó sí ni kí ẹ dúró. Oòrùn mú lọ́jọ́ yẹn. Mo dúró sábẹ́ igi. Mo ju àsíá yẹn títí apá fi ń ro mí. Mo rí i tó ń bọ̀, mo ní, kí ló dé tí ọkùnrin yìí ń wò mí tí kò dúró? Ohun tí mo sọ fún àwọn oníwàádìí nìyẹn, pé ó ń wò mí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń bínú sí i. Kò rí mi rárá."

Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì, pẹ̀lú kakí tó lọ̀, níwájú obìnrin tí òun lè bí lọ́mọ.

"Ẹ dìde, bàbá," Ìyá Folúkẹ́ ní. "Ẹ ti dàgbà jù fún ìyẹn."

Kò sọ pé òun dárí jì í. Mo ń retí rẹ̀, kò sọ ọ́. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi wé lọ́rì náà. "Èyí, tèmi ni," ni ó wí fún mi, bí ẹni pé èmi ni mo gbé e lọ́dún 1967. Ó sì lọ.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, bàbá lọ sí gáréèjì. Ó dúró láàárín àwọn dẹ́rẹ́bà, ó ní òun ló dúró síbi tí kò yẹ, Ògúnbọ̀dé ò rí òun. Àwọn kan rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ta ló bi yín? Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn now." Ó tún un sọ. Ó bọ́ sọ́jà, ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn elépo, wọ́n fún un ní omi mu. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é, títí kò fi sí ìsọ̀ tó kù. N kò tíì tún gbọ́ "Sùúrù tí kò ní sùúrù" láti ọdún náà, àfi lẹ́ẹ̀kan, bàbá aláta kan sì na ọmọ tó sọ ọ́.

Ìyá Folúkẹ́ gbé lọ́rì náà sórí pẹpẹ ní ìsọ̀ rẹ̀, lábẹ́ pátákó tí mo kun. Àwọn oníbàárà a máa sọ pé sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ òdì. Á ní kí wọ́n fi ojú sí ihò ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n wò.

Nǹkan kan wá yí padà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá. Láràárọ̀, bí ó bá ti rí bàsíà náà lọ́ọ̀ọ́kán, á dìde lórí àga. Òun, àgbà, á kọ́kọ́ kí. "Ẹ káàárọ̀ o, ìyàwó Ògúnbọ̀dé." Obìnrin náà á kọjá. Ọjọ́ kejì, á tún dìde. Gbogbo Òkítóbà, gbogbo Nòfẹ́ńbà. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé mi, inú sì ń bí mi sí àwọn méjèèjì, sí obìnrin náà nítorí pé kò dáhùn, sí bàbá nítorí pé kò dẹ́kun. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Mo jẹ ẹ́ ní ọdún mọ́kànlélógún. Oṣù méjì lo ń kà yìí?"

Ọjọ́ tí bàbá lọ ní Disẹ́ńbà, ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ló wọ̀ lọ sí Òṣogbo. Ó fi rélùwéè kékeré náà sílẹ̀ fún mi, ó sì ní kí n má gbé àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé títí onílé á fi gba kọ́kọ́rọ́. Mo jókòó sójú fèrèsé, mo ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ìyá Folúkẹ́ yọ. Ó dé iwájú ilé náà, ó dẹ ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dìde.

"Mùsáfírù," ó pè mí, "bàbá dà?"

"Wọ́n ti lọ, mà. Ọkọ̀ aago méje ni wọ́n wọ̀."

"Òṣogbo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó dúró. Ó sọ bàsíà náà kalẹ̀ lórí pèpéle, ìrẹsì inú rẹ̀ mì. Ó kúnlẹ̀, eékún méjèèjì kanlẹ̀, níwájú àga tó ṣófo.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni ó wí.

N kò dáhùn. Kì í ṣe èmi ló kí. Nígbà tó gbé bàsíà rẹ̀ tó lọ, mo nu ọwọ́ mi, mo ya ìwé kan, mo sì kọ lẹ́tà sí Òṣogbo. Ìlà kan péré ni: Bàbá, wọ́n ti kí yín.